Zacharie, Ẹni Tó Ń Pín Nọ́ńbà ní Pobè àti Sakété

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà, Zacharie wà ní Takon, ó ń fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Kò dá a lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ, ìyá náà sì ti fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn léjìká. Fóònù dákẹ́, ó tún dún, ó tún dákẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Béatrice àbúrò rẹ̀ ti ọwọ́ bọ àpò náà, ó yọ fóònù jáde, ó sì gbé e sí i létí.

"Zaka, níbo lo wà?" Tàǹtí Berthe ló ń sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Sakété. "Kò sí kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbí. Ilé sì kún."

"Kí ló kọ sójú ẹ̀rọ, Tàǹtí?"

"Ó ní kò sí rẹ́sò, kò sí ìsopọ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Máa bọ̀ jàre."

Béatrice na ọwọ́ sí abọ́ omi. "Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Màá ṣe ìyókù."

"Rárá o. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni ìwọ ti ń dá a ṣe."

Ó fi omi ṣan ẹsẹ̀ ìyá náà, ó nù ún gbẹ, ó gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn kò tíì dé, ó sì fi gèlè we orí rẹ̀. Apá òsì ìyá náà kò gbé nǹkan mọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Ó sọ nǹkan kan tí Zacharie kò gbọ́. Ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ó sì gun alùpùpù rẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni Zacharie nígbà náà. Ní Takon yìí kan náà ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Nígbà tó jáde ilé ìwé, ó rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onigbolo, láàárín àwọn tó ń tún wáyà iná ṣe. Ọdún mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ́sò kọ̀ǹpútà ní Porto-Novo. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì ló kéré sí i, wọ́n ń pè é ní Pápá. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Pobè sì gbà á síṣẹ́. Ilé Ìwòsàn Ìtùnú ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹ̀ka kan ní Sakété. Láti ọdún mẹ́wàá, Zacharie nìkan ni ẹni tó mọ bí rẹ́sò ilé méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́. Aurore ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ni ní Porto-Novo, àwọn ọmọ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Yàrá kan ni Zacharie ń gbé ní Pobè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń rí ìyàwó àtọmọ, bí iṣẹ́ bá jẹ́ kó rí wọn. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ti ìyá rẹ̀ ni. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Aurore, ẹ̀bi Takon á wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá dé Takon, á máa ro àwọn ọmọ. Níbikíbi tó bá wà, etí rẹ̀ wà lára fóònù.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń béèrè. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí ó tó lè bá èkejì sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, á kọ́kọ́ ké jáde pé, ta ni yóò fún mi ní nọ́ńbà? Ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dáhùn igbe yẹn lọ. DHCP ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Apínnọ́ńbà ni Zacharie ń pè é bó bá ń bá Tàǹtí Berthe sọ̀rọ̀. Á yá kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan fún wákàtí mélòó kan, bí àkókò bá sì ń pé, kọ̀ǹpútà á padà wá tọrọ kí wọ́n fi kún un.

Ẹyọ apínnọ́ńbà kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn náà ní, Pobè ló sì wà. Igbe kọ̀ǹpútà Sakété kì í kọjá ilé tí kọ̀ǹpútà náà wà. Nítorí náà ni Zacharie ṣe fi iṣẹ́ lé rútà Sakété, ẹ̀rọ tó so ilé yẹn mọ́ Pobè, lọ́wọ́: kí ó gbọ́ igbe náà, kí ó gbé e lọ bá apínnọ́ńbà ní Pobè, kí ó sì gbé èsì padà. Alágbàsọ ni. Ó dára bẹ́ẹ̀ nígbà tí Sakété ní kọ̀ǹpútà méjì. Ní báyìí wọ́n ti di mẹ́rìnlá, ìwé gbogbo aláìsàn sì wà nínú ẹ̀rọ ńlá kan ní Pobè tí ẹni tí kò ní nọ́ńbà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó dé Sakété, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn aláìsàn jókòó kún àga gbọọrọ, àwọn mìíràn dúró lábẹ́ òrùlé, káàdì wọn lọ́wọ́. Kí ó tó gbé alùpùpù dúró ló ti gbọ́ igbe. Kì í ṣe igbe ẹni tó ń bínú. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tí agbára ti ń tán lára rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Espérance ni," Tàǹtí Berthe wí. "Ọmọbìnrin tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Egungun ń ro ó láti òru. Aago méje ni ìyá rẹ̀ gbé e dé lórí sémìjàn, alùpùpù akérò."

Aago mẹ́wàá ti lù.

"Wọn ò fún un ní oògùn?"

"Oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà. Lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó pa á. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, Zaka. Mi ò rántí orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà sì ń bẹ̀rù láti ṣèèṣì."

Ìyá Espérance dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, aṣọ oko ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo Zacharie láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe pé wọn ò ní oògùn. Wọ́n ní in. Ó wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn. Gbogbo wa la jọ ń wò ó."

Zacharie jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Tàǹtí Berthe. Ó ti mọ̀ pé apínnọ́ńbà Pobè ló kú, nítorí rútà ṣì ń ríran dé Pobè, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fèsì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà kan sínú kọ̀ǹpútà náà, nọ́ńbà tó mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tẹ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà náà yóò gbà jáde sí i. Ìwé Espérance ṣí. Orúkọ oògùn náà wà níbẹ̀, lẹ́tà pupa. Nọ́ọ̀sì kà á, ó sáré lọ mú òmíràn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí igbe náà tó rọlẹ̀. Zacharie ṣe ohun kan náà sí kọ̀ǹpútà mìíràn, àti òmíràn, títí ó fi ṣe márùn-ún. Nígbà tó gbójú sókè, Tàǹtí Berthe dúró tì í.

"Ìṣẹ́jú mélòó lo fi ṣe èyí àkọ́kọ́?"

"Bí ìṣẹ́jú márùn-ún, Tàǹtí."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún. Wákàtí mẹ́ta lọmọ yẹn fi ké. Kí ló dé tí èmi ò fi mọ̀ ọ́n ṣe?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé Zacharie kò rò ó rí. Obìnrin náà ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó ń fi ìka kan tẹ lẹ́tà, ó sì máa ń gbàdúrà díẹ̀ kí ó tó tan ẹ̀rọ láàárọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Zacharie ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Ó lọ sí Pobè lọ́sàn-án yẹn. Dísìkì apínnọ́ńbà ló ti bàjẹ́, ó ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́. Ó fi òmíràn sí i, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti orí ìwé tó fi pa mọ́, gbogbo kọ̀ǹpútà sì rí nọ́ńbà gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà tó ń ti ilẹ̀kùn ló tó rántí pé òun kò tíì jẹun láti àárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọ́fíìsì Arnaud. Arnaud ni alákòóso ilé ìwòsàn náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ ohun tó bá ń jó lọ́wọ́ ló máa ń pa, kì í wo ohun tó kù.

"Ṣẹ́fù, mo fẹ́ ká ní apínnọ́ńbà kejì. Kó wà ní Sakété. Bí ti Pobè bá kú, ti Sakété á máa fún ilé méjèèjì ní nọ́ńbà."

"Bọ̀ọ̀dá Zacharie, ṣé ti Pobè ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"A dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà náà."

"Bó bá tún kú ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ṣáà wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Zacharie lára ju bí Arnaud ṣe rò lọ. Ó dìde láti máa lọ. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ṣẹ́fù, ọmọbìnrin kan ké fún wákàtí mẹ́ta ní Sakété lánàá. Ṣé wọ́n sọ fún yín?"

Wọn kò sọ fún un. Arnaud ní kí ó tún jókòó, Zacharie sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi nǹkan kún un. Nígbà tó parí, Arnaud yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì dá a padà sójú.

"Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti yàrá ìgbẹ̀bí wà nínú yàrá ìkẹ́rù," ó wí. "Ẹ lọ wò ó bóyá yóò wúlò fún yín."

Ó wúlò, àmọ́ tipátipá. Eruku inú rẹ̀ tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Zacharie fọ̀ ọ́ mọ́, ó gbé e lọ sí Sakété sẹ́yìn alùpùpù, ó fi aṣọ wé e nítorí òjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ṣe é, nítorí iṣẹ́ mìíràn kò dúró dè é: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń há, ìlà fóònù ń já, àwọn dókítà ń gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà wọn. Ó kọ́ ẹ̀rọ méjèèjì láti jọ ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà inú àpò kan náà ni wọ́n jọ ń pín, ìdajì wà lọ́wọ́ èyí, ìdajì wà lọ́wọ́ èkejì, ọ̀kan á sì máa sọ fún èkejì pé, mo ti fún lágbájá ní nọ́ńbà báyìí-báyìí. Lẹ́yìn náà ló lọ sọ fún àwọn rútà, àwọn alágbàsọ, pé ẹni méjì ni kí wọ́n máa gbé igbe lọ bá báyìí, kì í ṣe ẹnì kan mọ́.

Ó mú Ọjọ́bọ̀ kan láti dán an wò. Ó sọ fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó yọ wáyà apínnọ́ńbà Pobè, ó pe Sakété.

"Tàǹtí, ẹ pa kọ̀ǹpútà yín, kẹ́ ẹ tún un tàn."

Ó gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń mí sínú fóònù.

"Ó ti tàn. Ó ti ṣí ìwé. Ó ń ṣiṣẹ́, Zaka!"

Inú rẹ̀ dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ní Pobè, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kọ̀ǹpútà méje ni kò ní nọ́ńbà níbẹ̀. Èsì àyẹ̀wò kò lè jáde. Arnaud fúnra rẹ̀ sọdá ọ̀nà wá.

"Ohun tí kò bàjẹ́ lẹ fọwọ́ ara yín bà jẹ́!" Ojú gbogbo ènìyàn ló ti sọ ọ́, àti aláìsàn àti òṣìṣẹ́.

Zacharie lọ dá wáyà padà, méje náà sì rí nọ́ńbà gbà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣí rútà ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Orúkọ apínnọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ti àtijọ́. Ó ti sọ fún rútà méjì, ó sì gbàgbé ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́ sára ògiri yẹn ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó fi ti ẹ̀kejì kún un. Kò gba ju ìlà kan lọ. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn ilé, ó sì pe Aurore.

"Ó rẹ̀ mí," ó wí.

"Mo mọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá."

"Ẹ lọ jẹun kẹ́ ẹ tó sọ nǹkan kan mìíràn."

Ó lọ jẹun.

Wàhálà kò tíì tán síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú iná lọ ní Sakété, wọ́n dá a padà, apínnọ́ńbà méjèèjì kò sì gbọ́ ara wọn yé mọ́. Zacharie fi odidi òwúrọ̀ kan wá ìdí rẹ̀. Aago inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ló ń padà sí ọdún 2009 nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Ọ̀kan ní òní ni òní, èkejì ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn la wà. Wọn kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ìgbà tí nọ́ńbà yóò parí. Bátìrì kékeré kan, pẹlẹbẹ bí bọ́tìnnì, ló ti kú nínú rẹ̀. Ó rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún aago ọwọ́ ṣe nínú ọjà Sakété. Ó fi sí i, ó tún aago náà ṣe, ó sì kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa béèrè aago lọ́wọ́ ti Pobè.

Ọjọ́ tó parí ìyẹn ni Tàǹtí Berthe gbé àga wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kàyé tuntun kan, ìwé ìkọ̀wé, wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti bíìkì tí yóò fi kọ ọ́.

"Mo ti ṣetán," ó wí.

Zacharie ti tẹ ìwé kan fún un, ojú ewé mẹ́ta, pẹ̀lú èdè Faransé tó gún régé. Obìnrin náà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bó o bá kọ ọ́, tìrẹ ni. Sọ ọ́ fún mi, kí n kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ."

Ọ̀sán mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn aláìsàn bá ti lọ. Ó kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà. Ó kọ́ bí a ṣe ń mọ̀ bóyá apínnọ́ńbà méjèèjì ń gbọ́ ara wọn. Èyí tó le jù ni wọ́n fi sẹ́yìn. Zacharie sọ fún un pé bí ti Pobè bá dákẹ́, ti Sakété kò lè mọ̀ bóyá ó kú ni, tàbí ọ̀nà tó wà láàárín wọn ló já. Nítorí náà, ìdajì tirẹ̀ nìkan ni yóò máa pín fún ẹni tuntun. Kí ó tó fọwọ́ kan ìdajì kejì, àfi kí ènìyàn sọ fún un pé ẹnì kejì rẹ ti kú.

"Kí ló dé tí a kò ní sọ fún un kíákíá?"

"Nítorí bí kò bá kú lóòótọ́, àwọn méjèèjì á máa fún ènìyàn méjì ní nọ́ńbà kan náà. Kọ̀ǹpútà méjì á máa jà, kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́."

Tàǹtí Berthe ronú. Ó kọ ọ́ sínú kàyé, ó ń ka bó ṣe ń kọ ọ́: "Ẹni tí a kò fojú rí òkú rẹ̀, kí a má ṣe kéde ikú rẹ̀." Ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. "Ṣé bó o ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ó dára ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ, Tàǹtí."

Nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa wọlé, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ apínnọ́ńbà mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Béatrice pè é láti Takon pé Màmá kò gbé oúnjẹ mì mọ́. Zacharie gba àyè lọ́wọ́ Arnaud, ó sì lọ. Òun àti Béatrice ń jókòó ti ìyá náà, bí ọ̀kan bá dìde, èkejì á rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń fi òwú tó rin fún omi nu ètè rẹ̀. Bátìrì fóònù rẹ̀ tán ní Ọjọ́rú, ó wò ó, ó sì fi í sílẹ̀ sórí àpótí. Ọdún mẹ́wàá rèé, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń retí pé ara òun kò ní balẹ̀. Àmọ́ kò sí àyè fún àníyàn méjì nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá rẹ̀ kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lọ́wọ́ Béatrice. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́ bàbá wọn. Aurore àti àwọn ọmọ wá. Béatrice kò sunkún níbi ìsìnkú. Ọjọ́ kẹta, nígbà tó gbé abọ́ omi jáde láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láti ọdún méjì, tó wá rántí, ìgbà yẹn ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Zacharie jókòó tì í títí oòrùn fi gorí wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ló padà sí Sakété. Tàǹtí Berthe dìde, ó dì í mú.

"Kú ọ̀fọ̀, ọmọ ìyá mi. Kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín, Tàǹtí. Ẹ ṣeun."

Ó jẹ́ kí ó jókòó, ó fún un lómi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Apínnọ́ńbà Pobè ti kú láti Ọjọ́bọ̀."

Zacharie ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀.

"Jókòó. Ọjọ́ kẹfà rèé. Ṣé o rí ẹni tó ń pariwo?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Àwọn aláìsàn wà lórí àga, wọ́n ń pe orúkọ wọn, wọ́n ń wọlé. Tàǹtí Berthe ṣí kàyé rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe lọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti wo ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wò ó lójoojúmọ́, ó sì rí i pé ti Pobè kò dáhùn. Nǹkan ṣì ń lọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n pè é láti Pobè pé àwọn kọ̀ǹpútà kan kò rí nọ́ńbà gbà mọ́. Pobè ló ní kọ̀ǹpútà jù, ìdajì nọ́ńbà kò tó wọn. Ó ka ojú ewé kẹrin kàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì pe Arnaud.

"Mo sọ fún un pé, Ṣẹ́fù, ẹ lọ wo ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ tábìlì ní ọ́fíìsì Zacharie, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá iná ń tàn lára rẹ̀. Ó ní òun á rán ẹnì kan. Mo ní rárá, ojú yín ni mo fẹ́."

"Tàǹtí! Arnaud lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

"Ta ni n bá sọ ọ́ fún? Ó lọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń wọ abẹ́ tábìlì, tó ń ṣe yéè. Ó ní kò sí iná kankan, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Mo ní kó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, kó mú wáyà náà dání, kó sọ fún mi pé ó wà lọ́wọ́ òun. Ó ní, 'Ó wà lọ́wọ́ mi, Tàǹtí.' Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún tiwa pé èkejì rẹ̀ ti kú. Ìka kan yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo ṣèèṣì tẹ lẹ́tà kan, mo pa á, mo tún un tẹ̀. Gbogbo wọn rí nọ́ńbà gbà."

Zacharie wo ojú ẹ̀rọ. Bó ṣe yẹ kó rí ló rí. Ó tún wo kàyé náà. Ọjọ́ àti aago wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ gbágungbàgun: *Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú ogún, mo kéde rẹ̀.*

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi rán ẹnikẹ́ni wá pè mí? Takon kò jìnnà."

"Mo mọ ibi tí o wà," Tàǹtí Berthe wí, ó sì pa kàyé dé.

Zacharie jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé, ó bọ́jú, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀, títí nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ bu omi fi ní kí ó ṣe sùúrù kí ó yà fún òun.

Lọ́sàn-án, ó lọ sí Pobè. Apá tó ń gba iná wọlé nínú ẹ̀rọ náà ló ti jóná. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún aago rẹ̀ wò, ó sì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gba gbogbo ohun tí ti Sakété ti pín láti Ọjọ́bọ̀ kí ó tó dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dúró títí ó fi rí i pé àwọn méjèèjì ti gbọ́ ara wọn yé.

Arnaud wá bá a níbẹ̀. Ó kí i kú ọ̀fọ̀.

"Mo sọ̀rọ̀ kan sí yín lójú àwọn ènìyàn nígbà kan," ó wí. "Kò dára bí mo ṣe sọ ọ́."

"Ó ti kọjá, Ṣẹ́fù."

"Ta ni a tún lè kọ́ níbí, ní Pobè?"

"Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá fẹ́ ni kó wá." Zacharie nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ṣẹ́fù, mo fẹ́ gba ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò gba ìsinmi láti ọdún mẹ́fà."

"Láti ìgbà wo?" Arnaud béèrè.

"Láti ọ̀la."

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí n fọwọ́ sí i."

Ó kọ ọ́ lórí ìdúró. Ó gbé e lọ fún akọ̀wé, ó gba ẹ̀dà kan, ó sì wà lórí ọ̀nà Porto-Novo, sọ́dọ̀ Aurore àti àwọn ọmọ, kí aago márùn-ún tó lù. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró lójú ọ̀nà láti na ẹ̀yìn. Ní ìdúró kejì, ó rí àwọn obìnrin tó ń kó àgbàdo tí wọ́n sá sílẹ̀ kúrò lójú òjò tó ń bọ̀, ó kí wọn, wọ́n dáhùn, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ padà.